Ta Ni Yóò Kì Wọ́n? Èrò Mi Lórí Bí Àwọn Ọmọ Wa Ṣe Ń Wáṣẹ́ Lórí Ayélujára

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan yà kí mi nílé ní ìhà Ajah níbí. Mo kọ́ ọ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́ta nígbà tó wà ní kíláàsì àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ó gba HND nínú ìmọ̀ ìṣírò owó, ó ṣe àgùnbánirọ̀ parí, ó sì ti wà nílé fún ohun tó lé ní ọdún kan láìríṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo LinkedIn mi yìí. Ibi tí mo ti kọ̀wé sí lé ní ọgọ́rin, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn."

Mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo kà á. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ó sì ń dán bí àwo tuntun. Ó ní ògbóǹtarìgì tó ní ìran ni òun, pé òun máa ń so èso rere níbikíbi tí a bá fi òun sí, àti pé ìfẹ́ ìtayọ ń jó bí iná nínú òun. Ó ní òun mọ bí a ti ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, òun mọ bí a ti ń ronú jinlẹ̀, òun sì mọ bí a ti ń ṣe aṣáájú. Mo kà á tán, mo tún un kà, n kò rí ọmọ tí mo mọ̀ níbẹ̀. Bí a bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lókè, tí a fi tèmi rọ́pò rẹ̀, kò sí gbólóhùn kan tí a ó ní láti yí padà.

Mo bi í pé, "Àkọsílẹ̀ owó àjọ ńkọ́?" Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá sí. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní SS2 ni ó ti ń bá àwọn obìnrin tó wà ní ìlà ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́jà Ajah kọ àkọsílẹ̀ àjọ wọn. Obìnrin mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń dá owó. Ọdún mẹ́fà ni ó fi ṣe é, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà pẹ̀lú Excel lórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n bá a jà pé owó ẹnì kan dín. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ọjà mà nìyẹn. Ojú á tì mí."

Ìtìjú yẹn ló mú mi jókòó láti kọ àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa àdúgbò wa fún ẹ̀yin òǹkàwé tí kì í ṣe ará Èkó. Òkun ń bẹ lápá kan wa, ọ̀sà ń bẹ lápá kejì, ojú ọ̀nà márosẹ̀ kan, ìyẹn ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa sì ń tọ̀ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ń bẹ lójú ọ̀nà náà. Ní ọdún 2006 ni wọ́n dá agbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kí sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn Lẹ́kí; nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lóòjọ́. Lagos Business School, níbi tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso òwò, kò jìnnà sí ibi tí mo ń gbé. Síbẹ̀, ọmọ tó wọ kòròpè láti Badore tàbí Langbasa jáde ní òwúrọ̀ lè rí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọjá lọ lọ́tùn-ún lósì láìmọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Ó ń gbé lẹ́nu ọ̀nà iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn.

Ní ìgbà tiwa, ẹnu ọ̀nà yẹn ṣeé fojú rí. A ó ra ìwé ìròyìn, a ó gé ìkéde iṣẹ́ inú rẹ̀, a ó fi gègé kọ lẹ́tà pẹ̀lú àdírẹ́sì méjì lórí rẹ̀, a ó gbé e lọ bá olùṣọ́ ẹnu géètì, a ó sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa mú un wọlé. Lónìí, olùṣọ́ náà ti di ẹ̀rọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2003 ni Reid Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣí LinkedIn fún aráyé. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Microsoft ra á ní bílíọ̀nù 26.2 owó dọ́là. Kí ló wà níbẹ̀ tó tó iye yẹn? Ohun tí ènìyàn kọ nípa ara wọn ni: ibi tí wọ́n kàwé, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, àwọn tí wọ́n mọ̀.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Agbanisíṣẹ́ tó ń wá aṣírò owó yóò tẹ ọ̀rọ̀ mélòó kan sínú ẹ̀rọ: orúkọ iṣẹ́ náà, orúkọ ìlú, orúkọ irinṣẹ́ bíi Excel. Ẹ̀rọ yóò wá kó àwọn tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà lójú ìwé wọn síwájú rẹ̀. Kò sí agbanisíṣẹ́ tí ń jókòó tẹ "ìran" tàbí "ìtayọ" láti fi wá ẹni tí yóò máa kọ owó sílẹ̀. Ọmọ mi ti fi ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í wá kún ojú ìwé rẹ̀ dẹ́nu, ó sì fi èyí tí wọ́n ń wá pamọ́ sínú ọjà.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2014 kì í kúrò lọ́kàn mi bí ọ̀rọ̀ báyìí bá délẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àjọ tó ń mójú tó ìwọlé àti ìjáde ní orílẹ̀-èdè wa, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Immigration, pe àwọn tó ń wáṣẹ́ sí àwọn pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà fún ìdánwò. Àwọn tí wọ́n pè lé ní 500,000. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tó 5,000. Olúkúlùkù ti san ₦1,000 lórí ayélujára láti forúkọ sílẹ̀. Ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin, èrò tẹ èrò mọ́lẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló bá a lọ, aboyún wà nínú wọn. Ẹ wò ó dáadáa, orí ayélujára náà ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé ènìyàn gun orí ayélujára ni ó ń sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀. Ẹni tí ojú ìwé rẹ̀ bá jọ ti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn mìíràn wà ní ẹnu géètì pápá ìṣeré náà síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìjókòó ilé rẹ̀ ló wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ ti wọ̀ ọ́ nìyí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò máa sọ pé, kí ni LinkedIn ní í ṣe pẹ̀lú olùkọ́ Yorùbá? Oríkì ni. Ta ló tún mọ oríkì jù wá lọ?

A máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ewì ìyìn ni oríkì, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Bí oníjàálá bá ń ki ọdẹ, kì í dúró sórí pé ọdẹ náà ní akínkanjú. Yóò dárúkọ igbó tó wọ̀, yóò dárúkọ ẹran tó pa, yóò sọ ẹni tó jẹ nínú ẹran náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Babalọlá fi ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, tó jáde ní ọdún 1966, tọ́jú ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ẹ̀ fún wa. Karin Barber, Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù tó sì kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú náà, fi hàn nínú ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1991 pé oríkì kì í bo àlébù mọ́lẹ̀ pàápàá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, rere àti búburú, ni yóò sọ ọ́ di ẹni tí a kò lè fi ẹlòmíràn pè. Ìyẹn ni iṣẹ́ oríkì: kí a gbọ́ ọ, kí a mọ̀ pé lágbájá ni, kì í ṣe tàmẹ̀dò.

Ìṣòro tí àwọn ọmọ wa ní kò wá ṣòro láti rí. Yorùbá kò fẹ́ràn ẹni tí ń yin ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ní í kì wá, tí a ó sì máa wú. LinkedIn ní kí olúkúlùkù gbé ìlù kọ́rùn, kó máa ki ara rẹ̀. Ojú ń ti ọmọ tí a kọ́ dáadáa, ó sì sá lọ yá ẹnu oníẹnu. Ẹ̀rọ tí ń fúnra rẹ̀ kọ̀wé, bíi ChatGPT, ti mú kí yíyá yìí rọrùn: ní ìṣẹ́jú kan, ó ti kọ "ìran" àti "ìtayọ" fún un, gẹ́gẹ́ bó ti kọ ọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀ ní Ìkòròdú àti ẹnìkẹta ní Manila. N kò ní kí wọ́n má lò ó láti tún Gẹ̀ẹ́sì wọn ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rọ kò sí lọ́jà Ajah ní ọdún mẹ́fà tí ọmọ yìí fi ń ka owó. Kò lè kọ ohun tí a kò sọ fún un.

Ọ̀nà àbáyọ tí mo rí ni kí wọ́n má yin ara wọn rárá. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe, ibi tí wọ́n ti ṣe é, bó ti pọ̀ tó àti ẹni tó mọ̀ sí i, kí wọ́n sì dákẹ́. Ìlà kan ń bẹ lábẹ́ orúkọ lójú ìwé LinkedIn tó gba lẹ́tà àti àmì 220 péré. Ọmọ mi ti fi "olùwáṣẹ́ tó ní ìran" kún un. A jọ pa á rẹ́. Èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ lọ báyìí, bí mo bá tú u sí Yorùbá: aṣírò owó, HND, ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ àkọsílẹ̀ owó ojoojúmọ́ fún ẹgbẹ́ àjọ obìnrin 44 lọ́jà Ajah, mo mọ Excel, mo ń sọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ mi rọ́pò tirẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá yóò bá mi mu.

Kí ó tó wá sọ́dọ̀ mi, ó ti san owó fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ènìyàn tún LinkedIn ṣe ní ìhà Lẹ́kí. Nígbà tí onítọ̀hún gbọ́ ọ̀rọ̀ àjọ, ó ní kó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ìfowópamọ́. Orí yọ ọmọ náà, kò kọ ọ́. Ilé ìfowópamọ́ tí kò ní ìwé àṣẹ Báńkì Àpapọ̀, ta ni yóò jẹ́rìí sí i lọ́jọ́ tí agbanisíṣẹ́ bá bèèrè? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní orí ayélujára, kì í tó wákàtí kan. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa lónìí, ẹni tó ní fóònù àti àmì ìdánimọ̀ kan ti di ọ̀gá àgbà, tí kò sì sí òṣìṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wá akọ̀wé kì í gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwòrán kò gùn. Ẹ ya fọ́tò tí ojú yín hàn dáadáa nínú rẹ̀, lẹ́bàá ògiri tó mọ́, lójú mọ́mọ́. Ẹ má gé ara yín jáde nínú fọ́tò òde ìyàwó tí gèlè ẹlòmíràn ṣì ń yọ ní ejìká yín. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀ ni àlàfo. Ọmọ mi ń bẹ̀rù ọdún tí kò síṣẹ́. Àwọn tó lọ sí yunifásítì ìjọba ń bẹ̀rù ọdún tí kò sí ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi yanṣẹ́ lódì, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọmọ tó yẹ kó lo ọdún mẹ́rin lo mẹ́fà, ó sì ń wá ọgbọ́n tí yóò fi yí ọjọ́ padà lójú ìwé rẹ̀ kí a má bàa pè é ní olódo. Kí ló dé? Ṣé òun ló yanṣẹ́ lódì ni? Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ohun tó fi oṣù mẹ́jọ náà ṣe: ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó ta dátà, ó kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣírò. Àpẹẹrẹ tó dára jù ń bẹ nílé. Ní ọdún 2009, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ọlálékan Olúdé, Ayọ̀déjì Adéwùnmí àti Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí, fi àkókò náà dá Jobberman sílẹ̀, ojú òpó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ti ń kéde iṣẹ́, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà sì ti ń wá a títí di òní. Inú àlàfo ni ó ti jáde. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fi oṣù mẹ́jọ rán aṣọ àwọn ará àdúgbò ti mọ bí a ti ń dá ọjọ́ fún oníbàárà tí a kì í yẹ̀ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè. Ààyè kan ń bẹ lójú ìwé yìí tí ènìyàn ti lè ka àwọn èdè tó gbọ́, kó sì sọ bó ti gbọ́ ọ tó. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní Yorùbá kọ síbẹ̀! N kò fi pamọ́ fún un pé ó dùn mí. Ní ọdún 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní àwọn ilé ẹ̀kọ́, ní oṣù kejì ọdún náà gan-an sì ni BBC bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ní Yorùbá, tí wọ́n sì nílò àwọn tó lè kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn tó péye. Google ti fi Yorùbá kún àwọn èdè tó ń túmọ̀ láti ọdún 2013. N kò sọ pé Yorùbá nìkan yóò fún ènìyàn níṣẹ́ nílé ìfọpo. Ṣùgbọ́n báńkì tó fẹ́ kí àwọn ìyá ọjà Ajah ṣí àkáǹtì, ilé ìwòsàn tó ń gba àwọn àgbàlagbà láti Ẹ̀pẹ́, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó ń dá oníbàárà lóhùn, gbogbo wọn ló nílò ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ owó tàbí ọ̀rọ̀ àìsàn ní Yorùbá tó yè kooro. Ẹni tó lè ṣe é, tí kò kọ ọ́ síbẹ̀, ti gbé ọjà rẹ̀ dé ìsọ̀ kó tó da aṣọ bò ó.

Orúkọ pẹ̀lú. Mo ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ti wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò má bàa ṣìnà. Àmọ́ láti ọdún 2020 ni LinkedIn ti jẹ́ kí ènìyàn lè fi ohùn ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ wo ẹ̀bùn tí wọ́n fi fún àwa tí àmì ohùn jẹ́ ẹ̀mí orúkọ wa! Ó pe tirẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀ mi. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó pè é bí àwọn tó ń ka ìròyìn ní Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè é. Mo ní kó tún un pè.

Nípa àwọn tí a ó bá ṣọ̀rẹ́ níbẹ̀, èèyàn laṣọ mi ni Yorùbá wí, ṣùgbọ́n aṣọ tí kò bá ara mu kì í gbani lọ́wọ́ òtútù. Kì í ṣe kí iye wọn pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àwọn tí ẹ jọ kàwé, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá yín níbi tí ẹ ti sin ilẹ̀ bàbá yín, olùkọ́ tó mọ̀ yín, àwọn wọ̀nyí ló yẹ kó ṣáájú. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ̀wé sí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ kí i, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ìdí tí ẹ fi yà sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun. Ọmọ Yorùbá tó mọ̀ pé òun kò lè wọ ilé onílé kó máa tọrọ omi láìkí àgbà, kí ló dé tó bá dé orí ayélujára tí "ẹ fún mi níṣẹ́" di gbólóhùn àkọ́kọ́?

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ewu, èyí tí mo máa ń bá àwọn ọmọbìnrin sọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ní Uyo, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sọ lórí Twitter pé òun ń wáṣẹ́. Ọkùnrin kan dá a lóhùn, ó pè é wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó sì pa á. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà tó mọ ibi tó lọ ló pariwo síta lórí Twitter yẹn kan náà, èyí tó jẹ́ kí wọ́n tọpasẹ̀ apànìyàn náà. Ilé ẹjọ́ sì dájọ́ ikú fún un ní ọdún 2022. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín: kí wọ́n má kọ àdírẹ́sì ilé, ọjọ́ ìbí tàbí nọ́ńbà BVN sójú ìwé, kí wọ́n má san owó fọ́ọ̀mù fún iṣẹ́ kankan, kí wọ́n má lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nínú ilé àdáni tàbí hòtẹ́ẹ̀lì, kí ẹnì kan sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dé.

Ẹ̀yin olùkọ́, a ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ pẹ̀lú àdírẹ́sì méjì, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìdánwò ń bẹ níwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pé ọdún 16 lè ṣí LinkedIn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ SS3 wa sì ti pé bẹ́ẹ̀. Ní sáà tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ SS2 kọ oríkì ara wọn ní ìlà mẹ́wàá ní Yorùbá, mo sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn léèwọ̀: ohun tí o ṣe, ibi tí o ti ṣe é àti ẹni tó mọ̀ nìkan. Wọ́n kọ́kọ́ kùn. Ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì kọ̀wé pé òun ló ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe fún gbogbo ilé tó wà ní òpópó wọn láti ìgbà tí òun ti wà ní JSS3, ó sì to orúkọ àwọn onílé náà lẹ́sẹẹsẹ. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní físíìsì kò mọ̀.

Ó ku ibì kan tí LinkedIn kò tíì bá wa mu, n kò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Ó fi ààyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti jẹ́rìí sí iṣẹ́ ẹni, èyí tó sún mọ́ oríkì jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹnu ẹlòmíràn ló ti ń jáde. Àmọ́ ẹni tó bá ní LinkedIn nìkan ló lè jẹ́rìí. Nínú obìnrin mẹ́rìnlélógójì tí ọmọ mi bá kọ owó sílẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó ní in. Ọ̀gá báńkì tó bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè jẹ́rìí. Ìyá tó fi owó ọjà rẹ̀ sí i lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́fà kò lè jẹ́rìí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rí àwọn tó ń wọ ọ́fíìsì nìkan ni ẹ̀rí, àwọn ọmọ ọlọ́jà àti ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ yóò máa dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti rẹ̀ jọ lọ sọ́jà. Ìyá tó jẹ́ olórí àjọ náà ń ta ata gbígbẹ àti ẹ̀gúsí. A ṣàlàyé ohun tí a fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ta ni ń jẹ́ Linkedi. Nígbà tó yé e, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ọmọ náà tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ rẹ̀, màmá náà fọwọ́ sí i, a ya á ní fọ́tò, a sì gbé e sí apá ibi tí LinkedIn ti gba ènìyàn láyè láti fi ìwé àti àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ méjì ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kò tíì ríṣẹ́ bí mo ti ń kọ èyí.

A ti dìde láti máa lọ nígbà tí màmá náà pè wá padà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí náà síbẹ̀. Lọ́dún tí òjò ba ọjà wa jẹ́, mo fún un ní owó lé láìmọ̀. Ó dá a padà kí n tó kà á."